Kí ẹ tó da ìrẹsì yẹn nù: bí a ṣe ń wá òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti àìsàn tó ń bá oúnjẹ wọlé

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ díẹ̀, àjọ aṣọ́bodè gba àpò ìrẹsì 102 nílùú Èkó, wọ́n ní oníke ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti gba orí fóònù gbogbo wa. Fídíò ń wọlé níbi tí wọ́n ti ń rọ ìrẹsì sísè bíi bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń sọ ọ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí i bóyá yóò ta padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn sọ fún mi pé ṣe ni àwọn oníbàárà ń ṣáná sí hóró ìrẹsì lójú òun kí wọ́n tó náwó. Ìyá kan ládùúgbò wa da ìdajì àpò sí gọ́tà, ìrẹsì tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jẹ láti nǹkan bí oṣù méjì.

Mínísítà ètò ìlera ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé ike ni. NAFDAC gbé ìrẹsì tí aṣọ́bodè gbà lọ sí ilé àyẹ̀wò, èsì sì jáde: kì í ṣe ike. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà, kò yẹ fún jíjẹ. Ìdajì àkọ́kọ́ èsì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́. Ìdajì kejì kò rìn jìnnà. Àwọn tí ẹ̀rù bà, ohun tí kò sí ló bà wọ́n lẹ́rù. Àwọn tí ọkàn wọn sì balẹ̀, orí ìrẹsì tó lè dá èèyàn dùbúlẹ̀ ni wọ́n fọkàn balẹ̀ sí.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bi gbogbo ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ní ìbéèrè kan náà: ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, kí ló sì rí? Bí mo ṣe ń tẹ̀lé ìbéèrè yìí ni mo kọ sísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: tí ẹnìkan bá ti dùbúlẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ń bì lọ́wọ́ nínú ilé ni ẹ ṣe ń ka èyí, ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná. Omi ara tó ń lọ ni ìgbẹ́ gbuuru àti èébì fi ń pa èèyàn. Ẹ ra ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, ní kẹ́mísì, kí ẹ pò ó gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀. Tí kò bá sí nítòsí, ẹ wọn omi mímọ́ lítà kan, ẹ fi ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sí i, kí orí ṣíbí tẹ́jú, kí ó má gogoro. Ẹ má fojú bù ú, nítorí iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fún ọmọdé. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa mu ún.

Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù láìjáfara tí ìgbẹ́ bá ní ẹ̀jẹ̀, tó bá funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, tí ojú bá jìn wọnú, tí kò bá tọ̀ mọ́, tàbí tí ibà bá ga. Ọmọ ọwọ́, aboyún àti arúgbó kì í ní àǹfààní dídúró wò. Tí ojú ẹnìkan bá ń ríran bàìbàì lẹ́yìn oúnjẹ, tí kò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ara ń gbọ̀n, tí ẹyin ojú dúdú súnkì di kékeré, ó lè jẹ́ oró kẹ́míkà bí oògùn apakòkòrò, ìṣẹ́jú sì ni ẹ ń kà níbẹ̀.

Àwọn àgbà wa máa ń fi epo pupa rọ ẹni tó jẹ májèlé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Epo tàbí èébì tí a fi tipátipá fà lè gba ọ̀nà òdì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà wá di méjì.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ mú lára oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ẹ dì í sínú ọ̀rá mímọ́. Ẹ mú agolo tàbí páálí rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará ilé máa ń yára fọ ìkòkò kí ilé lè mọ́, ẹ̀rí á sì bá omi ìfọkòkò lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ sílẹ̀ kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi

Oúnjẹ tí a jẹ kẹ́yìn la máa ń mú. Ẹni tó jẹ àmàlà ní búkà lọ́sàn-án, tí inú rẹ̀ wá ń run lálẹ́, ìyá olóúnjẹ ló jẹ̀bi. Ó lè jẹ̀bi lóòótọ́. Ó sì lè má mọwọ́ mẹsẹ̀ rárá, nítorí kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀.

Oró tí Staphylococcus máa ń tú sínú oúnjẹ, èyí tó sábà máa ń ti ọwọ́ ẹni tó bu oúnjẹ wọ inú rẹ̀, ń dá èèyàn láàmú láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí 8. Salmonella tó ń wà lára adìyẹ àti ẹyin lè gba wákàtí 6, ó sì lè tó ọjọ́ 6. Kọ́lẹ́rà, àrùn onígbáméjì, máa ń gba wákàtí 12 sí ọjọ́ 5. Tàífọ́ọ̀dù sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Ibà Lásà, tó ń ti ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté wọ oúnjẹ, gba ọjọ́ 2 sí 21. Àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis A lè fara pamọ́ fún ọjọ́ 15 sí 50. Ta ló rántí ohun tó jẹ ní ogójì ọjọ́ sẹ́yìn?

Nítorí náà, ẹ mú bébà. Ẹ kọ gbogbo ohun tí aláìsàn jẹ àti ohun tó mu láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ó kéré tán, pẹ̀lú ibi tó ti jẹ ẹ́ àti aago. Ẹ kọ ẹni tí wọ́n jọ jẹ ẹ́, kí ẹ pè wọ́n. Tí èèyàn márùn-ún bá jẹun níbi ìnáwó kan náà, tí mẹ́rin tó jẹ mọ́ínmọ́ín dùbúlẹ̀, tí ẹni karùn-ún tí kò jẹ mọ́ínmọ́ín ń rìn kiri, ọ̀rọ̀ ti ń fojú hàn. Bí àwọn tó ń tọpasẹ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn: wọ́n á bi àwọn aláìsàn, wọ́n á sì bi àwọn tí ara wọn le, wọ́n á wá wo ohun tó yàtọ̀ nínú oúnjẹ wọn.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa tàífọ́ọ̀dù, nítorí owó tí àwọn èèyàn ń ná sórí rẹ̀ ń dùn mí. Tí wọ́n bá ní tàífọ́ọ̀dù ló ń ṣe yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Widal ló wọ́pọ̀ ní àwọn ilé àyẹ̀wò kéékèèké, ṣùgbọ́n kò ṣe é gbára lé: ó lè sọ pé ó wà nígbà tí kò sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní blood culture, tí wọ́n fi ń wá kòkòrò náà gan-an nínú ẹ̀jẹ̀, ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ilé tí ìbéèrè yín ń gbé

Ọ̀pọ̀ wa máa ń tẹ ìbéèrè sínú Google bó ṣe wá sí wa lọ́kàn, ohun tó bá kọ́kọ́ yọ la ń gbà. Nísinsìnyí, ìdáhùn tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ ló máa ń wà lókè pátápátá. Ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ tẹ ibi tó ti mú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ kà á fúnra yín. Ó yá jù kí ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ohun tí ẹ ń wá.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú páálí, inú agolo tàbí inú ọ̀rá, títí kan píọ̀ wọ́tà, NAFDAC ló ni ín. Ọ̀rọ̀ àrùn tó ń tàn káàkiri, NCDC ni. Nọ́ńbà wọn tí kì í gba owó ni 6232, ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ yín náà sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Búkà tó dọ̀tí, pápá ìpẹran tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn kọjá, ẹni tó ń se oúnjẹ lẹ́bàá ṣáláńgá: ọ̀dọ̀ wolé-wolé ni, ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé wolé-wolé. Àwọn òbí wa máa ń gbá àgbàlá nítorí wọn, àwọn oníṣẹ́ yìí sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ, tí ẹ fẹ́ gba owó yín, FCCPC ló ń jà fún oníbàárà.

Fún ọ̀rọ̀ ìpamọ́ oúnjẹ, ẹ má fojú fo IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ lórí aflatoxin, oró tí èbu máa ń tú sínú ẹ̀pà àti àgbàdo, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àwọn ni wọ́n ṣe Aflasafe tí àgbẹ̀ máa ń fọ́n sóko láti dènà rẹ̀. Iná kì í pa oró yìí, nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ yan ẹ̀pà tó ti bu, kí ẹ máa jẹ ẹ́, kò tíì bi ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọgbọ́n kékeré kan wà tó ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀. Ẹ kọ site:nafdac.gov.ng sínú àpótí ìwákiri Google, kí ẹ fi àlàfo sí i, kí ẹ wá kọ orúkọ ohun tí ẹ ń wá. Ohun tó ti ìkànnì NAFDAC wá nìkan ni yóò yọ. Ẹ lè fi ncdc.gov.ng tàbí who.int rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bi àtẹ̀jíṣẹ́ náà léèrè

Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó dá lórí oúnjẹ máa ń jọra wọn. “Dókítà kan ní UCH” ló sọ ọ́, dókítà náà kò lórúkọ. Kò ní déètì. Ó ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí wa tó fi ránṣẹ́ kò purọ́, ìfẹ́ ló mú un ṣe é, nítorí náà ẹ má dójú tì wọ́n nínú gúrúùpù. Ẹ pè wọ́n sẹ́yìn.

Ẹ wò ó bóyá ó dárúkọ ọjà kan pàtó, ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà ìdìpọ̀ (batch number) rẹ̀. Ìkìlọ̀ gidi láti ọ̀dọ̀ ìjọba máa ń sọ ìwọ̀nyí, nítorí láìsí wọn kò sí ohun tí ọlọ́jà lè kó kúrò lórí àtẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ilé àyẹ̀wò tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì wo ohun tí wọ́n rí àti bó ṣe pọ̀ tó. Ní ọdún 2015, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, wọn kò kàn sọ pé “oògùn wà nínú ẹ̀wà”. Wọ́n dárúkọ oògùn náà, dichlorvos, èyí tó wà nínú Sniper, oògùn apakòkòrò. Wọ́n sọ pé ìwọ̀n tí àwọn gbà ni mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan, pé èyí tí wọ́n sì rí wà láàárín 0.03 sí 4.6. Bí ẹ̀rí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìbẹ̀rù yín lórí ẹ̀wà kì í ṣe àsọdùn nígbà náà, nọ́ńbà ló gbè é lẹ́sẹ̀.

Tí àwòrán bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi Google Lens wò ó bóyá ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Dubawa àti Africa Check máa ń tú irú ìròyìn òfegè báyìí wò. Ẹ wá a lọ́dọ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yẹ ọjà náà wò, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan

Ní ọdún 2023, àwọn aláṣẹ ìlera ní Taiwan kéde pé àwọn rí ethylene oxide, kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ, nínú Indomie aládùn adìyẹ kan. Àárín wákàtí díẹ̀ ni ìyá ọlọ́mọ ń kó páálí kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Àkúrẹ́. Ohun tí NAFDAC sọ ni pé noodles láti òkè òkun wà lára ọjà tí ìjọba kò gbà kó wọlé, pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí à ń jẹ. Wọ́n tún mú èyí tó wà lọ́jà wa lọ yẹ̀ wò, nítorí pé wọn kò fẹ́ fi ẹnu lásán dáhùn. Orúkọ kan, ilé iṣẹ́ méjì, ìyẹ̀fun méjì. Tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń kó ọjà kan kúrò nílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣe tiyín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Nọ́ńbà NAFDAC sábà máa ń ní àmì méjì, dáàṣì, àti nọ́ńbà mẹ́rin. Ẹ má kàn wò ó pé ó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà sára ọ̀rá. Àkọsílẹ̀ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí NAFDAC ń pè ní Greenbook, ẹ lè fi orúkọ tàbí nọ́ńbà wá ọjà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà orí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà yín ń tọ́ka sí oúnjẹ ẹlòmíràn, ìdáhùn ti dé. Tí ẹ kò bá rí i rárá, ẹ bi ọ́fíìsì wọn tó wà ní ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó pariwo.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pẹ̀lú pé nọ́ńbà yìí ń sọ pé wọ́n mọ ẹni tó ṣe ọjà náà. Kò sọ bí ẹni tó tà á fún yín ṣe tọ́jú rẹ̀. Yọ́gọ́ọ̀tì tó ní nọ́ńbà, tó sì ti wà nínú oòrùn Òṣòdì láti àárọ̀, ti di nǹkan mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka iye nígbà àjàkálẹ̀

NCDC máa ń gbé ìròyìn jáde lórí kọ́lẹ́rà àti ibà Lásà. Ọ̀rọ̀ méjì ni kí ẹ máa yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀: àwọn tí wọ́n fura sí, àti àwọn tí àyẹ̀wò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 2021, wọ́n ka èèyàn 111,062 tí wọ́n fura sí pé kọ́lẹ́rà mú, 3,604 nínú wọn kú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n yẹ ìgbẹ́ wọn wò. Ṣùgbọ́n ẹ fi iye kejì wọn àkọ́kọ́: ó lé ní mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ìtọ́jú bá tètè dé, kò yẹ kí ó tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí iye yẹn ń sọ fún mi ni pé omi oníyọ̀ àti ṣúgà pẹ́ kó tó dé ẹnu ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn.

Nígbà tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní Oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ tọpasẹ̀ rẹ̀ dé orí ohun mímu òfíò kan tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ìròyìn yẹn wúlò, àwọn kan sì ṣì í gbọ́, wọ́n ní òfíò ló ń fa kọ́lẹ́rà. Omi àti ọwọ́ tó ṣe é ni ẹjọ́ wà lọ́dọ̀ wọn. Tí ẹ bá ti rí i tí ẹjọ́ bọ́ sọ́rùn irúgbìn kan, ẹ padà lọ ka ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ìmọ̀ tí ẹ óò lò nínú ilé ìdáná

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kọ́kọ́rọ́ márùn-ún fún oúnjẹ tó mọ́, láti ọdún 2001: ìmọ́tótó, yíya tútù sọ́tọ̀ kúrò lára sísè, sísè jinná, pípa oúnjẹ mọ́ ní ìwọ̀n ooru tó yẹ, àti omi pẹ̀lú èròjà tó mọ́. Ìkẹrin ló ń ṣòro jù fún wa nítorí iná. Láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kòkòrò ti ń bí sí i. Ilé iṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí oúnjẹ sísè má wà níta kọjá wákàtí 2, tí ooru bá sì kọjá ìwọ̀n 32, wákàtí kan péré. Ooru Oṣù Kẹta n'Ìbàdàn máa ń kọjá ìyẹn. Wọ́n tún ní fíríìjì tí a kò ṣí lè pa oúnjẹ mọ́ fún wákàtí 4 lẹ́yìn tí iná lọ. Fírísà tó kún, wákàtí 48.

A gbà pé tí a bá ti gbóná ọbẹ̀, ó ti bọ́. Gbígbóná ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò, ṣùgbọ́n oró tí Staphylococcus ti tú sílẹ̀ kí ẹ tó dáná, àti oró tí Bacillus cereus ń tú sínú ìrẹsì tó sùn síta, kì í lọ. Nítorí náà, ẹ pín ìrẹsì àná sínú abọ́ kéékèèké kó lè tètè tutù, kí ẹ tó gbé e sí fíríìjì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Food Standards Agency ló ń kéde ọjà tí wọ́n ń kó kúrò nílẹ̀, ẹ sì lè forúkọ sílẹ̀ kí ìkìlọ̀ máa wọlé sórí fóònù yín. Nọ́ńbà 0 sí 5 tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ wà lórí ìkànnì wọn pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ẹran àti adìyẹ, FDA ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìyókù, CDC ló ń tọpasẹ̀ àrùn. Èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ tí ẹ kó sínú báàgì láti ilé kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìkankan nínú wọn. Ẹ mọ ẹni tó gbẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: ẹ fi tiyín kún un

Ilé iṣẹ́ ìjọba kì í mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn. Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, ẹ kọ orúkọ ọjà, nọ́ńbà ìdìpọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ibi tí ẹ ti rà á, aago tí ẹ jẹ ẹ́, aago tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, àti iye èèyàn tó jẹ ẹ́ pẹ̀lú iye tó ṣàìsàn. Ẹ ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn páálí. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì ya ohun tí ẹ fura sí sọ́tọ̀ lórí ìlà tirẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ìwé ẹjọ́ náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ padà pè wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò náà: kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọn kò rí.